Odó Tó Mu Mọ̀ríńgà

Ní òpópónà wa l'Ọ̀yẹ́ Èkìtì, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó nílò aago ní ìrọ̀lẹ́. Odó ló ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ń ṣú. Odó ilé Bàbá Ọláníyì ló máa ń kọ́kọ́ dún, nítorí pé ebi kì í jẹ́ kí bàbá náà ní sùúrù. Odó Tíṣà Felicia a tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ a máa lọ sókè bíi ti Tíṣà fúnra rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin Áńgílíkà. Ìgbà tí gbogbo àwọn yẹn bá ti sọ tẹnu wọn tán ni odó ilé Bùràímọ̀ yóò tó dáhùn. Igi àpá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó tóbi débi pé ewúrẹ́ kan bímọ sínú rẹ̀ lọ́dún kan, wọ́n sì wá ewúrẹ́ ọ̀hún títí dé Ìgbólé kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti yọjú wo inú odó. Bí Mùínàt, ìyàwó Bùràímọ̀, bá sọ ọmọ odó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará Ìfàkì a sáré lọ ká aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n rò pé àrá ló sán.

Fọkanáísà ni Bùràímọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìkọ̀lé ló ń jókòó sí, òun àti ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ọpọ́n omi kan, àti òkìtì táyà àlòkù. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìfàkì, tí ojú kò tíì tó o, Bùràímọ̀ a gbé etí kan sókè. A ní, “Táyà ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì. Ìṣó ni.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò sì rí. Bó bá ti ki ọwọ́ bọ inú táyà, ìka rẹ̀ a rí wáyà tó tín-ín-rín ju irun ìpéǹpéjú lọ. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé bí abẹ́rẹ́ bá sọnù l'Abùjá, kí ìjọba má wulẹ̀ dààmú, kí wọ́n sáà ránṣẹ́ sí Bùràímọ̀.

Ohun tí Bùràímọ̀ ń jẹ kò ṣòro í mọ̀. Iyán ni. Bó bá jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, ó ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Iyán rẹ̀ a ga nínú àwo débi pé bí òun àti àlejò bá jọ jókòó tì í, wọn kì í rí ojú ara wọn títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọn a wá kí ara wọn lẹ́ẹ̀kejì. Kò lówó, kò lóyè, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá ti wọn lọ sí Èkó. Odó yẹn ni oyè rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ a mọ̀ pé ilé Bùràímọ̀ kò tíì bàjẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 2008, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Kì í ṣe òùngbẹ ọmọ ènìyàn. Ó mu omi inú ìkòkò tán, ó mu ti inú kẹ́ẹ̀gì tán, Mùínàt sì bá a tó ń wo ọpọ́n omi tó fi ń wá ihò tíúbù bí ẹni ń wo ọbẹ̀. Gbogbo omi yìí kò sì dúró lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló ń lọ tú u dà sí, àwọn èèrà sì gbọ́ ìròyìn. Wọ́n tò wá síbẹ̀, ìlà wọn gùn ju ìlà ọjọ́ ìdìbò lọ, wọ́n sì ṣe jẹ́jẹ́ ju àwọn olùdìbò lọ. Mùínàt wo èèrà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó di gèlè rẹ̀ le.

“Bàbá Jàmálù, a ń lọ sílé ìwòsàn.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ń tọ oyin.”

Nọ́ọ̀sì Lọ́lá ló wà ní ilé ìwòsàn kékeré ìsàlẹ̀ wa nígbà náà, ọmọbìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó gún ìka Bùràímọ̀, ó wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

“Bàbá, ìtọ̀ ṣúgà ni.”

“N kì í lá ṣúgà.”

“Kí lẹ máa ń jẹ?”

“Oúnjẹ.”

“Iyán ló ń pè bẹ́ẹ̀,” ni Mùínàt bá a dáhùn.

Nọ́ọ̀sì wá jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní kí Bàbá máa lo oògùn tí wọ́n bá fún un lójoojúmọ́, kó má pa á jẹ. Ó ní iyán gbọ́dọ̀ dín kù, kó dín kù gidi, ìwọ̀nba bí ìkúùkù ọmọdé, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa ro ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, kí wọ́n máa se ẹ̀wà, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo. Kó máa wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, torí àìsàn yìí a máa pa ẹsẹ̀ kú, ohun tó bá gún un kò ní dùn ún.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo ni Bùràímọ̀ gbọ́.

“Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ,” ló wí.

“Wọ́n tún ní ọkà loògùn, Bàbá. Ẹ ò parí ẹ̀.”

“Ibi tí wọ́n kà á dé lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn.”

Síbẹ̀, ó bẹ̀rù. Ó gba oògùn, ó sì ní kí Mùínàt máa ro ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mùínàt sì ń rò ó. Ṣùgbọ́n ọkà kì í pariwo. Ènìyàn lè ro ọkà kó jẹ ẹ́ tán, kí ẹni tó wà ní yàrá kejì má mọ̀. Odó ńlá ilé Bùràímọ̀ dákẹ́, òpópónà wa sì dà bí ẹnu tí eyín iwájú ti yọ. Ilẹ̀ a ṣú, a ò ní mọ̀ dáadáa pé ó ti ṣú.

Bàbá Ọláníyì, àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí fìlà ní ẹnu ọ̀nà.

“Bùràímọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Odó yín la ò gbọ́.” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àbí usu ló tán ní ulé? Ẹ wí, kí n kó díẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ó sàn kí a wí fún ọkùnrin ìhà tiwa pé ó jí àgùntàn ju ká bá a kẹ́dùn pé iṣu tán nílé rẹ̀ lọ. Bùràímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sin Bàbá Ọláníyì dé ojú títì. Nígbà tó padà wọlé, ó jókòó ti odó rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Mùínàt rí i.

Àárín àkókò yìí ni Tíṣà Felicia lọ ṣe ìpàdé kan l'Adó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, onínúure, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀yìn tì. Nígbà tó lọ, Kristẹni ni. Nígbà tó dé, mọ̀ríńgà ló ń wàásù. Ó ní ewé igi yìí lágbára ju wàrà, ju ọsàn, ju kárọ́ọ̀tì, ju ẹyin lọ. Ó ní àrùn tó ń wò jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún. Èyí dá wàhálà sílẹ̀ díẹ̀, torí gbogbo àrùn tó wà l'Ọ̀yẹ́ kò tó ọ̀ọ́dúnrún. A ní láti lọ yá ìyókù ní Ìkọ̀lé. Ó gbìn ín yí ọgbà ká. Ó wọ́n ọn sí oúnjẹ adìyẹ, ó pò ó mọ́ òrí tó fi ń para, ó bu ṣíbí kan sí ẹ̀kọ ọmọ ọmọ rẹ̀ láràárọ̀. Òtítọ́ kò ṣeé gbé mì: ọmọ náà, tí a máa ń pe ọrùn rẹ̀ ní igi ìṣáná, ta kébékébé láàárín oṣù díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé adìyẹ kiri.

Mùínàt lọ bá a. Tíṣà kọ́ ọ bó ṣe kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Já ewé náà lára ọ̀pá rẹ̀, fi omi ṣàn án, gbọ̀n ọ́n. Má sá a sórí àpáta bí èlùbọ́, torí oòrùn a jí agbára inú rẹ̀ lọ. Inú yàrá ni kó ti gbẹ, lórí aṣọ mímọ́, níbi tí atẹ́gùn wà, kó lè máa jẹ́ àwọ̀ ewé. Bó bá ti ń fọ́ wúrúwúrú lọ́wọ́, gún un, kù ú, kó o dà á sínú ike tó ní ìdérí. Má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ìlọta, kó má bàa gbé ata bọ̀. Ṣíbí kan nínú ẹ̀kọ, ṣíbí kan nínú ọbẹ̀ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀.

“Níbo ni kí n ti gún un, Màmá?”

“Odó ńlá yín ńkọ́? Ṣebí ó kàn jókòó lásán ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni odó ilé Bùràímọ̀ ṣe tún dún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mùínàt da ewé gbígbẹ sínú rẹ̀, ó sọ ọmọ odó, ilẹ̀ sì mì. Bùràímọ̀ fò dìde lórí ìjókòó. Lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń gún ewé, òun a gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, a na ẹsẹ̀, a máa fi igi tayín lójú gbogbo ayé. Ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í há séyín. Àwọn tó ń kọjá a ní, “Bàbá, ẹ kú oúnjẹ,” òun náà a ní, “Ẹ bọ̀ ká jẹ ẹ́,” wọn a dúpẹ́, wọn a lọ. Ìlú tún gún régé.

Ara rẹ̀ náà sì ń yá. Òùngbẹ lọ. Àwọn èèrà wá ibòmíràn gbà. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Lọ́lá, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ohun tí a kò rí rí. Ó ní ṣúgà ti ń wálẹ̀. Mùínàt sọ̀rọ̀ lúbúlúbú ewé fún un, Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀fọ́ gidi ni, kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n kò rọ́pò oògùn, ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Bùràímọ̀ ń mi orí. Ẹ ti mọ irú etí tó ní: ó ń gbọ́ táyà láti Ìfàkì, kì í gbọ́ ẹni tó jókòó tì í.

Etí Bàbá Ọláníyì ló ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá dàgbà sínú iyán mọ̀ pé iyán a máa pa ohùn dà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ kó iṣu sódó, gbì-gbì ni. Bó bá ń kúnná lọ, tó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, a di pọ̀-pọ̀, ẹni tó wà ní ìta a ti máa fọwọ́. Ewé gbígbẹ kì í pọ̀-pọ̀. Kì-kì-kì ni títí a fi gbé ọmọ odó sílẹ̀. Bàbá Ọláníyì fara dà á títí, kò fara dà á mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó rìn kọjá Bùràímọ̀ lórí àga rẹ̀, ó wọlé tààrà.

“Mo ní kí n wá bá yín jẹun. Iyán ulé yín kì í kúnná, mo fẹ́ mọ irú usu tẹ́ ẹ ń rà.”

Ó wo inú odó. Ó wo Mùínàt, tí òógùn àti ewé ti sọ ojú rẹ̀ di ti agẹmọ. Ó fọwọ́ kan lúbúlúbú náà, ó tọ́ ọ wò.

“Bùràímọ̀, ṣé ewúrẹ́ tó bímọ sínú odó yìí lẹ fẹ́ fún lóúnjẹ ni?”

Ẹ̀rín ọ̀hún dé gbàgede awakọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìpáò dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó sọ kalẹ̀, ó gbé koríko tútù kan síwájú Bùràímọ̀. “Bàbá, ẹ bá mi wo táyà ẹsẹ̀ iwájú. Mo ti mú oúnjẹ yín dání.” Bùràímọ̀ lẹ táyà náà. Ó kálé lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe, ó dúró lórí odó.

“Ìyá Jàmálù, láti ìgbà wo lo ti ń gún oògùn nínú odó yìí?”

“Ó ti pẹ́.”

“Igi ni odó. Igi a máa mu nǹkan. Ìkòkò tí a fi ń se agbo, bí a bá bu omi lásán sínú rẹ̀, ṣé omi lásán náà la óò mu?”

Mùínàt ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò rí ọ̀nà tí yóò gbà dínà rẹ̀. “Kì í ṣe agbo, Bàbá Jàmálù.”

“Ọ̀ọ́dúnrún àrùn. Odó yìí ti mu ún yó. Iyán tó bá jáde níbẹ̀, iyán kọ́ ló ń jẹ́ mọ́. Lọ se usu.”

“Nọ́ọ̀sì ní...”

“Nọ́ọ̀sì ò tíì rí irú odó yìí.”

Ó lọ se iṣu. Kí ni kó ṣe? Ó kó o sódó, ó gún un, odó dún gbì-gbì, ó di pọ̀-pọ̀, Bàbá Ọláníyì sì yọjú lójú fèrèsé tirẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ pé òkú jí. Iyán náà jáde ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, torí lúbúlúbú wà nínú gbogbo ojú igi odó náà. Bùràímọ̀ tún ní kí wọ́n bu ṣíbí lúbúlúbú mélòó kan lé e, kó má baà jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó. Ó jẹ ẹ́. Omi yọ lójú rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, omi yọ lójú rẹ̀ lóòótọ́.

Láàárọ̀, Mùínàt ti wà lọ́dọ̀ Tíṣà Felicia. Tíṣà dé, ìwé Bíbélì lábẹ́ apá, bí ẹni tó fẹ́ lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde.

“Bàbá Jàmálù, mo ní kí ẹ fi ewé sí oúnjẹ. N ò ní kí ẹ padà sídìí iyán.”

“Tíṣà, iyán kì í ṣe oúnjẹ?”

“Oúnjẹ ni, àmọ́...”

“Àtọ̀gbẹ wà nínú ọ̀ọ́dúnrún tẹ́ ẹ kà fún wa, àbí kò sí?”

Tíṣà Felicia la ẹnu. Obìnrin tó ti kọ́ ìdajì Ọ̀yẹ́ ní ìṣirò, tó bá kọ́míṣọ́nnà sọ̀rọ̀ tí kọ́míṣọ́nnà dìde dúró, gbé Bíbélì rẹ̀ láti abẹ́ apá kan sí èkejì. “Ó wà níbẹ̀,” ló wí níkẹyìn.

“Ó tán.”

Ó tán lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, Mùínàt jà bí èèrà ṣe ń bá odò jà. Ó dín iṣu kù, odó sì tú u fó: Bùràímọ̀ a pariwo láti ìta, “Ìyá Jàmálù, usu yẹn kéré.” Ó sọ pé ọwọ́ ń dun òun, Bùràímọ̀ gba ọmọ odó, ó ń gún un fúnra rẹ̀. Ó pe Jàmálù ọmọ wọn lórí fóònù l'Ékòó, Jàmálù bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí káàdì fi tán, bàbá náà sì ní kó rọra máa jẹun dáadáa níbẹ̀. Nígbà tó yá, Bùràímọ̀ pa oògùn tì. Ó ní oògùn méjì kò lè jọba nínú ikùn kan, wọn óò máa jà, òun kò sì fẹ́ ariwo. Òùngbẹ padà dé. Àwọn èèrà náà padà dé. Bùràímọ̀ ní mọ̀ríńgà ló ń fọ inú òun.

Mùínàt ló ń ká ẹní ìkírun nílé. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kírun ọ̀sán tán, ó rí ohun kan níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí, ó tóbi bí hóró àgbàdo kan, ó pọ́n. Ó fi ìka kàn án, ó tutù: ẹ̀jẹ̀ ni.

“Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín.”

“Èwo?”

“Èyíkéyìí.”

Ó gbé e. Wáyà táyà, èyí tó máa ń yọ lára táyà tó ti gbó, ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló kù lóde. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹran ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Ọkùnrin tó lè gbọ́ ìṣó nínú ọkọ̀ tí ojú kò tíì tó kò gbọ́ èyí tó ń gbé kiri, tó ń gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí, tó ń fi ṣe àlùwàlá. Mùínàt fà á yọ. Bùràímọ̀ ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

“Kò dùn mí rárá,” ló wí, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ìyẹn gan-an ló já Mùínàt láyà. Ó rántí ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ó jókòó sórí ẹní náà, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ti mọ ohun tí Bùràímọ̀ fi sójú egbò. Ó wọ́n lúbúlúbú sí i, ó gé tíúbù àlòkù, ó fi wé e gírígírí bó ṣe ń ṣe fún àwọn awakọ̀ tí kò lówó, ó ní kò ní í yọ atẹ́gùn mọ́. Ó padà síbi iṣẹ́. Láìpẹ́, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró jìnnà, wọ́n ń ju táyà sí i. Wọn kò mú koríko wá mọ́. Eṣinṣin ló ń bá a ṣiṣẹ́. Mùínàt mú Nọ́ọ̀sì Lọ́lá wá sílé, Bùràímọ̀ fi agbádá bo ẹsẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Òórùn náà kò fi ara rẹ̀ pamọ́.

“Bàbá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Ìdó lónìí. Kì í ṣe lọ́la.”

“Jímọ́ọ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ ká kírun ná.”

Ó lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ó fẹ́ dìde lórí ìforíkanlẹ̀, kò lè dìde. Bàbá Ọláníyì tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tó kàn ń kọjá lọ sóko, ló sáré wọ inú mọ́ṣáláṣí, tó gbé e pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ, tó fi bàtà oko tẹ ẹní àwọn ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Nínú takisí, títí wọ́n fi dé Ìdó, ó ń wí fún Bùràímọ̀ pé, “Ìwọ oníranù yìí, ìwọ oníranù yìí,” ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Dókítà tó yẹ ẹsẹ̀ náà wò jẹ́ ọ̀dọ́. Ó tú tíúbù. Ó ní egbò náà ti dé egungun, ó ń gòkè bọ̀, bí wọn kò bá tètè gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀mí ni yóò bá a lọ.

Bùràímọ̀ bi í bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń bi oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. “Kò ṣeé lẹ̀?”

“Ó ti kọjá lílẹ̀, Bàbá.”

Bùràímọ̀ gbójú sókè àjà. “Bó bá ti kọjá lílẹ̀,” ló wí, “yíyọ ló kù.” Ó ti wí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ awakọ̀. Mùínàt jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sunkún, ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ṣẹ́ ẹ.

Kí Bùràímọ̀ tó padà wálé, Ọ̀yẹ́ ti parí ọ̀rọ̀ náà láìsí òun níbẹ̀. Ìlú ní bí kì í bá ṣe mọ̀ríńgà, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọn ìbá gé. Ṣé ẹ rí agbára ewé? Àwọn ènìyàn ń ti Odò-Orò wá pẹ̀lú ike, wọ́n ń bẹ Mùínàt pé kó bá àwọn ha ìdí odó yẹn díẹ̀. Mùínàt ní, “Ẹ̀fọ́ ni. Ó dára nínú ọbẹ̀, ó dára nínú ẹ̀kọ ọmọ. Ẹ lo oògùn yín, ẹ dín iyán kù.” Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní obìnrin yìí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ìwòsàn. Wọ́n kó gbogbo ewé tó sá sí yàrá lọ. Tíṣà Felicia náà ń rìn ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ apá kejì ìwàásù rẹ̀. Apá kìíní ni wọ́n ń bá a kọ lórin.

Bùràímọ̀ dé. Wọ́n gbé e sórí àga ní ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan gùn, ẹsẹ̀ kan pin sí ibi tí aṣọ ti ká a. Ó jẹ ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jẹ ẹ̀fọ́, ó la ẹnu, Mùínàt sọ oògùn sí i bí ẹni tó ń fún ẹyẹ lóúnjẹ. Kò ṣàtakò. Ilẹ̀ ń ṣú. Odó Bàbá Ọláníyì dún, ó dákẹ́. Odó Tíṣà dún, ó dákẹ́. Òpópónà dúró.

“Ìyá Jàmálù.”

“Ẹ ẹ́n.”

“Tiwa ńkọ́?”

“Usu ò sí, Bàbá Jàmálù. Ewé náà ti tán.”

Ó kàn gbé etí kan sókè bó ṣe máa ń gbé e sókè sí ọ̀nà Ìfàkì, ó ń dúró. Mùínàt wò ó. Ó wọlé, ó ṣẹ́ ìró rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó gbé ọmọ odó, ó sọ ọ́ sínú odó òfìfo.

Gbì. Bàbá Ọláníyì jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní òdìkejì. Ó gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé igi lórí igi ni. Kò rìn wá, ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí pèpéle. Gbì. Gbì. Lórí apá àga, ìka ọwọ́ ọ̀tún Bùràímọ̀ ń ká òkèlè tí kò sí níbẹ̀.

Ó pẹ́ kí Mùínàt tó dúró. Èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. “Ṣé ó ti tó?”

Bùràímọ̀ fetí sí i dáadáa, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Kò tíì kúnná,” ló wí. “Ó kù díẹ̀.”

Mùínàt wo inú odó. Ó tún gbé ọmọ odó sókè.